Àmín Tí Dókítà Ṣe

Bí ẹ bá fẹ́ bá Tọ̀yìbátù jà ní Badagry, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti bú u. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan báyìí pé, "Bí nǹkan bá lọ ṣẹlẹ̀ ńkọ́?" Kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ti lọ sókè, á ti yí i ká orí rẹ̀, á ti ta ìka dànù sí ìta. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A ò ní rí i! Lórí ọ̀tá ni!" Ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ á wá dà bí ẹni tó ru èpè wọ ilé onílé.

Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Òróró àgbọn ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá gbé ìkòkò kaná lẹ́yìnkùlé, òórùn dídùn rẹ̀ a máa dé etí ọ̀sà. Kò sí ẹni tó bí ọmọ ládùúgbò tí kò gba ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi pa ọmọ lára. Ṣùgbọ́n ẹnu! Ní ti ẹnu, kò gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tí Mukhtar ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé, ọmọ náà ní, "Màámi, bí n ò bá yege ìdánwò yìí ńkọ́?" Ìgbátí ló fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni àánú ọmọ ṣe é, ló bá din ẹyin fún un. Ọmọ náà yege. Tọ̀yìbátù ní ìgbátí náà ló ṣiṣẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lè fi í rẹ́rìn-ín. Kí Mukhtar tó dé, ó ti bí ọmọ kan ní Ikoga, lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, obìnrin ni ọmọ náà. Aládùúgbò kan wá kí i kú ewu ọmọ, ó wo ọmọ títí, ó ní, "Ọmọ yìí mà rù o. Ṣé ó máa yè é báyìí?" Ọmọ náà ò yè é. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ. Bóyá ibà ni, bóyá kí ni, wọn ò mọ̀. Ohun tí Tọ̀yìbátù mọ̀ ni pé ẹnìkan ti sọ ọ́, ó sì ṣẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ẹnu ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ iṣu.

Muhyideen ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ojú omi ni Muhyideen, ọmọ bíbí Badagry, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ègùn. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò gba orí ọ̀sà kọjá sí àwọn abúlé tó wà létí òkun. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìwà kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni sìgá. Sìgá ló fi ń jí, òun ló fi ń sùn, títí ara fi kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní. Muhyideen dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní kí Tọ̀yìbátù bá òun fi òróró àgbọn ra ikùn nítorí ó ń run òun. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé ikùn ọkọ rẹ̀, ló bá gbọ́ tí nǹkan kan ń lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kì, kì, kì, bí ẹni pé ọkàn mìíràn wà níbẹ̀. Ó mú ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e padà. Ó ṣì ń lù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wà nílé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti darí wọn sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro Èkó.

Wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn kọjá ló wú. Ṣé ẹ mọ bí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ gẹ̀gẹ̀ níbi tó bá ti rọ̀? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, ó lè bẹ́ lọ́jọ́ kan, bí ó bá sì bẹ́, ọ̀rọ̀ di àwátì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti yí padà láyé òde òní. Wọn ò la ikùn bàbá. Ojú ihò kékeré ní ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí itan ti pàdé ara, ni wọ́n gbà. Wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ aláṣọ kan gba inú iṣan lọ, wọ́n tú u sílẹ̀ nínú ibi tó wú, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba inú aṣọ náà kọjá, kí ó má fi agbára lu ara iṣan tó ti rọ̀ mọ́. Mukhtar àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló para pọ̀ gbé ìnáwó rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Muhyideen ti ń rìn kiri nínú wọ́ọ̀dù, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Ó sì ti búra pé òun ti fi sìgá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé ni Dókítà Bísọ́lá Rewájú pe tọkọtaya náà sí yàrá rẹ̀. Lójú Tọ̀yìbátù, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n òun ló dúró ti Muhyideen láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mọ èèyàn kí. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó fi àga fún wọn, ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn kí wọ́n lè rí àwòrán inú Muhyideen.

"Bàbá, Màmá, iṣẹ́ náà yọrí," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú aṣọ yẹn kọjá dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí. Ibi tí aṣọ náà ti di iṣan mú lókè, ibẹ̀ kúrú, ó sì tẹ̀. A ti wọn gbogbo rẹ̀, a sì fi wé ti àwọn tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ṣáájú bàbá. Nínú ẹni mẹ́wàá tí tiwọn rí báyìí, ó máa ń tó mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ máa ń wá ọ̀nà jò gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ọwọ́ Tọ̀yìbátù ti yí ká orí rẹ̀.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Bàbá lè má mọ̀ rárá. Ibẹ̀ á kàn tún máa wú díẹ̀díẹ̀ títí..."

"Títí kò ní ṣẹlẹ̀! Kì í ṣe orí ọkọ mi! Kò ní jò, kò ní wú, mẹ́ta tí ẹ kà yẹn, ọkọ mi ò sí níbẹ̀, lọ́lá Ànọ́bì!"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú Dókítà, ó ń wò ó lójú. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ wo ni wọ́n bí ire nílẹ̀ wa tí àgbàlagbà á gbàdúà tán, tí á gbé ọwọ́ sókè dúró dè é, tí ọmọ náà á máa wò bí ẹni tí kò gbọ́? Dókítà wo ọwọ́ méjèèjì yẹn, ó wo ojú màmá, ó tẹrí ba.

"Àmín, Mà," ó ní.

"Àmín, àmín, àṣẹ," ni Tọ̀yìbátù fi lé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú ara rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá ya àwòrán mìíràn, pé bí ara bàbá bá tilẹ̀ le bí òkúta kí wọ́n ṣáà wá, ṣùgbọ́n létí Tọ̀yìbátù, ó dà bí ìgbà tí onílé bá ń sin àlejò lọ tó ń sọ pé, "Ẹ tún yà wá o." Ó dáhùn pé, "A ó máa wá kí yín, Dókítà." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ẹni tó mú ọ̀rọ̀ burúkú náà wá ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín lé e jáde. Kí ló tún kù tí wọ́n á padà wá wò?

Àṣìṣe níyẹn. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni.

Wọ́n dé Badagry, wọ́n ṣe sàráà. Àkàrà àti ẹ̀kọ ni, wọ́n sì se ìrẹsì fún àwọn ọmọ ilé kéú. Alfa Mọ́ṣúdù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Muhyideen láti kékeré, ṣe àdúà títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ó ní àìsàn náà ti lọ àlọ-ìdé, gbogbo èrò sì ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi Muhyideen pé báwo ni ara, èsì rẹ̀ ni pé, "A ti ṣe sàráà rẹ̀." Ó padà sórí ọ̀sà. Ara rẹ̀ yá, ó sanra díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ègùn kọrin bó bá ti ń tu ọkọ̀ kúrò ní èbúté. Ọjọ́ tí Dókítà dá fún wọn dé, ó kọjá. Èkejì náà dé, ó kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Tọ̀yìbátù ń fún àgbọn, fóònù dún. Dókítà Bísọ́lá ni.

"Màmá, ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Bàbá ńkọ́? A ò rí yín mọ́."

"Wọ́n wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Inú mi dùn sí i. Ìgbà wo lẹ wá ń bọ̀ fún àwòrán yẹn?"

"Àwòrán kí ni, Dókítà? Ọ̀rọ̀ yẹn ṣebí a ti parí ẹ̀? Mo ṣàdúà, ẹ ṣe àmín."

Dókítà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, mo ṣe àmín lóòótọ́, àtọkànwá sì ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣe àmín lórí àwọn tí mò ń tọ́jú. Àmín ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run. Àwòrán ni mo fi ń wò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bàbá wá."

Inú bí Tọ̀yìbátù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú bí i gidigidi. Ó ní ó dáa, ó pa fóònù, ó ju ú sórí àpótí. Irú ọmọ wo nìyí? Ó ṣe àmín tán, ó tún ń wá ohun tó lé lọ kiri! Ó fi ìbínú fún àgbọn títí omi rẹ̀ fi tán pátápátá, ó ṣì ń fún un ṣáá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Muhyideen ti ojú omi dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà. Kí ó tó nàró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó fún ojú pọ̀ díẹ̀.

"Kí ló ṣe ìbàdí yín, Bàbá Mukhtar?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é? Àárẹ̀ ni. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe eré."

Tọ̀yìbátù ti la ẹnu láti sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó sì sọ ọ́. Ó yí ọwọ́ ká orí, ó ta ìka. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò rí ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ ni ohùn dókítà yẹn: kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, bàbá lè má mọ̀ rárá. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bó ti ń lọ sí balùwẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

Ó wá kù kí ọkọ gbà. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé òun ti kọ́ olúwarẹ̀ jù. Ó ní, "Bàbá Mukhtar, dókítà yẹn pè o. Ó ní ká wá, nítorí ó ṣeé ṣe kí..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Muhyideen ti ta ìka.

Tọ̀yìbátù gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí wọ́n kàn lọ kí dókítà náà, kí wọ́n bá a gbé òróró àgbọn lọ. Muhyideen ní kí ó fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Obìnrin náà ní kí wọ́n lọ kí Mukhtar ní Èkó, kí wọ́n sì yà síbẹ̀ bí wọ́n bá ń bọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tọ̀yìbátù, mo mọ̀ ọ́. A ti ṣe sàráà, gbogbo ayé ti ṣe àmín, o wá fẹ́ kí n lọ máa bi àìsàn bóyá ó ṣì wà nílé? Bí mo bá débẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ sí mi lára ńkọ́?" Tọ̀yìbátù tọ Alfa Mọ́ṣúdù lọ. Alfa ní òun ò rí ohun tó burú nínú kí ènìyàn lọ ya àwòrán, nítorí Ọlọ́run kì í bínú sí ẹni tó ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ó bá a dé ilé láti sọ ọ́. Muhyideen gbọ́ tán, ó ní kí Alfa ṣe àdúà sí i. Alfa ṣe é, wọ́n jẹun, Alfa lọ.

Ìbàdí náà kò sì fi í sílẹ̀. Tọ̀yìbátù ń rí i. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní èbúté báyìí, kì í lè ṣiṣẹ́ kan títí yóò fi padà dé.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èrò ti kún inú ọkọ̀ Muhyideen. Tíṣà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀, bàbá kan gbé adìyẹ méjì dání, àwọn obìnrin tó ń lọ ra ẹja sì jókòó sójú kan pẹ̀lú agbọ̀n wọn. Muhyideen ti ń fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ni Tọ̀yìbátù bá dé pẹ̀lú hìjáàbù tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dán fún òróró. Kò dúró lórí pákó èbúté. Ó wọ inú ọkọ̀, ó dúró láàárín èrò, ọkọ̀ sì mì lọ mì bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kì í wọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ nínú ọkọ̀. A kì í bi awakọ̀ bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé rí. A kì í dárúkọ ẹni tí omi gbé lọ. Bí òjò bá ṣú dùdù, "Ojú ọjọ́ ń yí padà" là ń wí. Ní ti ikú, orúkọ rẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ rárá. Gbogbo ọmọ etí ọ̀sà ló mọ èyí, Tọ̀yìbátù sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ.

"Muhyideen," ó ní.

Gbogbo èrò gbé ojú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ lásán bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ Muhyideen dúró lórí okùn.

"Muhyideen, ẹ gbọ́ mi. Iṣan inú ikùn yín tí wọ́n tún ṣe, ó lè máa jò. Dókítà ní nínú ẹni mẹ́wàá tó rí bíi tiyín, mẹ́ta ló ń jò, ẹ sì lè wà nínú mẹ́ta yẹn. Ìbàdí yín ń dùn yín, ẹ ń fi pamọ́ fún mi, mo sì ń rí i. Bí ó bá ń jò, á wú. Bí ó bá wú, á bẹ́. Bí ó bá bẹ́ láàárín ọ̀sà, ẹ máa kú, Muhyideen. Ẹ máa kú, àwọn ènìyàn wọ̀nyí á sì wà lójú omi láìní awakọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gbéra láti yí ká orí, ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ẹ wá wo eré! Bàbá aládìyẹ ló kọ́kọ́ dìde. "Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé nǹkan nílé." Àwọn ẹlẹ́ja gbé agbọ̀n wọn, "Ẹ gbà wá o! Ìyá yìí, kí lẹ jẹ lówùúrọ̀?" Ọ̀kan nínú wọn ń ta ìka títí tó fi dórí pákó. Tíṣà ní òun ò gba irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń sọ ọ́ bó ti ń sọ̀kalẹ̀ ni. Kò pẹ́, kò jìnnà, ọkọ̀ ṣófo. Ó ku tọkọtaya náà nìkan, ọkọ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ wọn.

"O pe ikú mọ́ mi," Muhyideen ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìwọ, Tọ̀yìbátù. Nínú ọkọ̀ mi."

"Mi ò pè é. Ó ti mọ ilé wa tipẹ́. Mo fẹ́ ká mọ ibi tó dúró sí ni."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Láti ọjọ́ tí ọmọ wọn ti lọ ní Ikoga, kò gbọ́ kí ẹnu obìnrin yìí dárúkọ ikú rí. Ó mọ ohun tó ná an.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ tó báyìí?"

"Ó ń bà mí. Mi ò lè sùn mọ́. Bí ẹ bá bínú sí mi, ẹ bínú. Bí wọ́n bá ní mo ya wèrè létí ọ̀sà, kí wọ́n wí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n wò yín."

Muhyideen jókòó lórí pákó ìjókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ti ń dùn mí láti ìgbà tí ojú òjò ti là. Èmi náà ń bẹ̀rù, n ò kàn fẹ́ gbọ́ ọ." Ó fi okùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ kí ó fa òun dìde.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó. Muhyideen kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ra búrẹ́dì fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà tán, Dókítà Bísọ́lá fi ti àkọ́kọ́ àti ti ìsinsìnyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí ìdí kankan láti ṣàlàyé púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jò ní òkè ibẹ̀, níbi tó kúrú tó sì tẹ̀ gan-an, ibi tó wú tẹ́lẹ̀ sì ti tún fẹ̀ sí i.

"Kò tíì bẹ́," Dókítà ní. Ojú rẹ̀ ń tàn. "Màmá, ẹ gbọ́ mi, kò tíì bẹ́. Ẹ mú wọn wá lásìkò. A máa fi aṣọ kúkúrú kan kún un lókè níbẹ̀, ojú ihò kékeré náà la ó gbà. Bí ẹ bá ti pẹ́ sí i ni..." Ó bojú wo Tọ̀yìbátù, ó gbé ọ̀rọ̀ mì.

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì. Tọ̀yìbátù jókòó níta pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó sì gbàdúà débi pé ètè rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí wọ́n gbé Muhyideen jáde, ó ti lajú, ó ní ebi ń pa òun. Wọ́n tún ya àwòrán. Jíjò náà ti dá, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá mọ́. Tọ̀yìbátù sunkún ayọ̀ níṣojú gbogbo nọ́ọ̀sì, kò tijú rárá. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìbàdí náà ti fi bàbá sílẹ̀, ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti bá òun gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, Dókítà tún pè wọ́n jókòó. Ó kí wọn, ó bá wọn dúpẹ́. Ó wá fi ìka kan àwòrán náà, ó la ẹnu. Ojú rẹ̀ bọ́ sí Tọ̀yìbátù, ó sì tún pa ẹnu dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà orí tábìlì rẹ̀ tí kò tú ká.

"Kí ló dé?" ni Tọ̀yìbátù bi í.

"Kò sí nǹkan kan, Mà. Ara bàbá ti yá. Ẹ ṣáà máa mú wọn wá."

"Ọmọ mi." Tọ̀yìbátù fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. "Ó ku ohun tí o fẹ́ sọ."

"Màmá, mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé..."

"Sọ ọ́. Kí ló tún lè ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi? Báwo la ó ṣe mọ̀ bó bá ń bọ̀? Má fi ìkankan pamọ́ fún mi."

Muhyideen yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. Dókítà gbé ọwọ́ kúrò lórí bébà. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: pé aṣọ náà lè yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, pé apá aṣọ náà tó lọ sí itan lè dí, ẹsẹ̀ á wá tutù, á sì máa dùn bí bàbá bá ń rìn, pé bí ìbàdí bá tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ọwọ́ Tọ̀yìbátù wà lórí itan rẹ̀, kò gbé e yí orí ká. Muhyideen na ọwọ́ tirẹ̀, ó gbé e lé e. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà, ẹ̀rù náà pọ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.